Ẹnu Dùn-ún Ròfọ́: Ṣé Ìpolówó Ẹ̀tàn Ni Ìlérí No Man's Sky?

Bí ẹni tó ṣe géèmù bá ṣèlérí nǹkan, tá a sanwó, tá ò sì bá nǹkan ọ̀hún nínú géèmù náà, ṣé wọ́n lè dá a lẹ́bi ìpolówó ẹ̀tàn? Ìtàn kan tó wáyé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo fẹ́ fi dáhùn.

Ní ìparí ọdún 2013, Hello Games, iléeṣẹ́ kékeré kan nílùú Guildford, fi fídíò No Man's Sky han aráyé. Ẹ ó wọ ọkọ̀ òfuurufú, ẹ ó máa ti orí pílánẹ́ẹ̀tì kan bọ́ sí òmíràn. Kọ̀ǹpútà ló ń fi ìṣirò dá wọn, iye wọn sì lé ní bílíọ̀nù 18 lọ́nà bílíọ̀nù kan. Ta ni ò ní fẹ́ gbá irú ẹ̀?

Sean Murray, ọ̀gá wọn, wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kiri. Wọ́n bi í bóyá ẹni méjì lè pàdé nínú géèmù náà. Ó ní ó ṣeé ṣe, pé ibẹ̀ ló kàn fẹ̀ jù, kò ní rọrùn. Géèmù jáde ní oṣù Kẹjọ 2016, ní nǹkan bí 60 dọ́là. Kò pẹ́ rárá tí àwọn méjì fi dé ojú ibì kan náà lórí pílánẹ́ẹ̀tì kan náà. Wọn ò rí ara wọn. Ariwo ta!

Èèyàn 23 fẹjọ́ sun ASA, àjọ tó ń mójú tó ìpolówó ọjà níbẹ̀. Wọ́n ní àwòrán àti fídíò tó wà lójú ewé géèmù náà lórí Steam kò bá ohun táwọn rà mu. Ní ìparí oṣù Kọkànlá, àjọ náà ní Hello Games kò jẹ̀bi. Kí nìdí? Ohun tí kọ̀ǹpútà dá fún ẹnì kan lè yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn, àpẹẹrẹ lásán sì ni àwọn àwòrán yẹn.

Àmọ́ ibi tó ká mi lára nìyí: ojú ewé Steam ni wọ́n yẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ tí Murray fi ẹnu ara rẹ̀ sọ kò sí lórí tábìlì.

Ẹ fi wé Aliens: Colonial Marines, tó jáde lóṣù Kejì 2013. Fídíò ìpolówó rẹ̀ dára ju géèmù tí wọ́n tà lọ fíìfíì. Sega tó gbé e jáde gbà fún ASA kan náà pé fídíò ọ̀hún kò ṣàfihàn ọjà gidi, wọ́n sì gbà láti kọ ìkìlọ̀ sí i. Lójú tèmi, ohun tó fa ìyàtọ̀ ni pé ibì kan náà ni gbogbo ẹni tó gbá Aliens ń gbà kọjá. Ẹnikẹ́ni lè gbé fídíò sẹ́gbẹ̀ẹ́ géèmù kó fi wọ́n wéra.

Hello Games ò sá lọ o. Ní oṣù Keje 2018, wọ́n gbé NEXT jáde lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn èèyàn sì wá ń rí ara wọn, wọ́n jọ ń gbá a. Mo kí wọn fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọdún 2016 ni wọ́n ti gbowó.

Èsì mi rèé: ìlérí tí kò ṣẹ lè dunni bí irọ́, kó má sì sí ẹni tó máa dá olùṣèlérí lẹ́bi. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ka ojú ewé tí wọ́n ti ń tà á dáadáa. Ohun tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ má kà á mọ́ ohun tẹ́ ẹ rà. Ẹnu dùn-ún ròfọ́.