Àpérò Tí A Kò Ṣe: Ìtàn Kíkó Olú-Ìlú Kúrò ní Èkó



Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976, Ọ̀gágun Murtala Muhammed kéde ohun méjì tí ó kan àwa ará Ìbẹfun gbọ̀ngbọ̀n. Ó sọ ìpínlẹ̀ 12 di 19, àwa sì bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Ògùn; ó sì ní kí ìjọba àpapọ̀ kúrò ní Èkó lọ sí Àbújá. Ìgbìmọ̀ Adájọ́ Akínọlá Àgùdà, tí a yàn ní 1975, ni ó dá a lábàá.

Èmi kò bá àbá náà jà: ilẹ̀ Èkó há, èrò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n láti oṣù Kìn-ín-ní 1966 títí di oṣù Kẹwàá 1979, kò sí ilé aṣòfin tí ọmọ Ìjẹ̀bú, tàbí Gbagyi tí ó ni ilẹ̀ Àbújá, ti lè dìde béèrè pé: ta ni yóò ṣí, kí ni a ó sì fi san án fún un? Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 1991 tí ìjọba kó lọ, àṣẹ ológun náà ni.

Nílé wa pẹ̀lú, ẹni tí ń gbé ìwé rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn tẹ́lẹ̀ wá ń gbé e lọ sí Abẹ́òkúta.

Àwọn baba wa ní àdáṣe ní í hun ọmọ, àjọṣe kì í hun ọmọ. Ìdàgbàsókè kì í ṣe kíkó tábìlì ìjọba láti ìlú kan dé òmíràn. Kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn wà níbi tí a ti ń sọ ọ́ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀.