Ọtí, Ètù àti Ìbọn Ìdágìrì ní Virginia Àtijọ́

Ọdún 1607 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì tẹ Jamestown dó ní Virginia, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Kò pẹ́ rárá tí ìbọn fi di ohun tí òfin pàápàá ń fẹ́ kí onílé ní nítòsí. Ọtí kò sì wọ́n nínú ilé kan náà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ba ìjọba lẹ́rù nínú ọ̀ràn ìbọn àti ọtí kì í ṣe èyí tí ènìyàn yóò kọ́kọ́ rò.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta, ọdún 1622, àwọn ọmọ onílẹ̀ tí a ń pè ní Powhatan wọ abúlé àwọn Gẹ̀ẹ́sì bí àlejò. Opechancanough ni olórí wọn. Wọn kò mú ohun ìjà lọ́wọ́. Ẹran ìgbẹ́ àti ẹja ni wọ́n gbé wá, àwọn mìíràn tilẹ̀ bá onílé jókòó ti oúnjẹ òwúrọ̀. Lójijì ni wọ́n gbé irin iṣẹ́ onílé, wọ́n sì fi pa á. Ènìyàn 347 ni ó kú, bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà níbẹ̀. Kí a má sì gbàgbé pé ilẹ̀ àwọn Powhatan ni àwọn àjèjì wọ̀nyí ń gbà láti ọdún dé ọdún fi gbin tábà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1623, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbẹ̀san. Wọ́n pe àwọn ọmọ onílẹ̀ sí ìpàdé àlàáfíà, wọ́n sì fún wọn ní ọtí wáìnì tí oníṣègùn wọn, John Pott, ti fi májèlé sí. Ìròyìn ìgbà náà sọ pé bí 200 ni májèlé náà mú. Pott yìí kan náà ni ó di gómìnà ní 1629.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1624 ni ìgbìmọ̀ aṣòfin jókòó. Wọ́n pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́ ilé láìfi ọgbà igi yí i ká, pé kí a máa ṣọ́ òru, àti pé ẹni tí ó bá ń lọ síṣẹ́ oko gbọdọ̀ mú ohun ìjà rẹ̀ dání. Wọ́n wá fi kún un pé olórí oko kankan kò gbọdọ̀ fi ètù ṣòfò níbi ọtí mímu àti àríyá, kò sì gbọdọ̀ gbà kí ẹlòmíràn ṣe é. Àṣà wọn ni láti máa yin ìbọn bí wọ́n bá ti ń gbé ife sókè kí ara wọn.

Òfin oṣù Kìíní ọdún 1640 tún ní kí gbogbo ènìyàn ní ìbọn àti ètù, àfi àwọn aláwọ̀ dúdú. Ìhà Àǹgólà ni a ti kó àwọn ọmọ Áfíríkà tí ó kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ní 1619. Àwọn àti irú wọn ni ó ń sìn nínú ilé wọ̀nyí: bí ọ̀tá dé, wọn kò ní ohun tí wọn yóò fi gba ara wọn, bí olówó wọn yó, iwájú ẹnu ìbọn rẹ̀ náà ni wọ́n wà.

Opechancanough tún gbógun dé ní 1644, ó sì pa ènìyàn tí ó tó 400. Láti ìgbà náà ni ìró ìbọn ti di ohun ẹ̀rù gan-an, nítorí ìró ìbọn ni oko kan fi ń kìlọ̀ fún èkejì pé ogun dé. Ta ni yóò wá mọ ìbọn ìdágìrì yàtọ̀ sí ìbọn ọ̀mùtí? Nítorí èyí ni òfin oṣù Kẹta ọdún 1656 (àwọn fúnra wọn pè é ní 1655, nítorí pé ọjọ́ 25 oṣù náà ni ọdún wọn ń bẹ̀rẹ̀) ṣe bẹnu àtẹ́ lu ọtí àmupara bí ìwà ẹranko, tí ó sì bu ìtanràn tábà ìwọ̀n pọ́n-ùn 100 lé ẹnikẹ́ni tí ó bá yin ìbọn níbi ọtí. Ètù àti ọta ni kí a fi tábà náà rà fún àgbègbè tí a ti ṣẹ̀. Ìgbéyàwó àti ìsìnkú nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀. Ẹni tí ó ti dúró níbi òkú ọdẹ nílẹ̀ Yorùbá kò ní béèrè ìdí rẹ̀.

Òfin náà kò sọ nǹkan kan nípa ẹni tí ó yó nínú ilé rẹ̀ tí ìbọn wà lórí itan rẹ̀, bí kò bá ti yìn ín. Ètù àti ìdágìrì ni ó ká wọn lára. Ìyàwó, ọmọ àti ìránṣẹ́ tí ó wà nínú ilé kò sí nínú ìṣirò wọn. Láti ìgbà tí ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ní Amẹ́ríkà ti sọ ní 2022 pé ìtàn ni a ó fi wọn òfin ìbọn, àwọn agbẹjọ́rò ti ń tọ́ka sí òfin àtijọ́ yìí bí ẹni pé ààbò ilé ni wọ́n ṣe é fún. Ìwé òfin náà kò gbè wọ́n. Ẹjọ́ tí ó kan inú ilé gan-an ni èyí tí ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ní ìpínlẹ̀ Ohio dá ní 2020, nípa ọkùnrin kan tí ó yó nínú ilé rẹ̀, tí ó gbé ìbọn tí kò ní ọta dání. Wọ́n ní òfin tí ó mú un kò tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú. Ìyàwó rẹ̀ ni ó pe ọlọ́pàá.