Owó Nìkan Kò Kọ́ Ọmọ: Ìtàn Àtúnṣe Ẹ̀kọ́ Sáyẹ́ǹsì ní Àwọn Yunifásítì Ìjọba Amẹ́ríkà

Àwọn àgbà a máa wí pé owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Òótọ́ ni. Bí kò bá sí owó, kò sí yàrá àyẹ̀wò, kò sí ìwé, kò sì sí owó oṣù olùkọ́. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ kì í gun ara rẹ̀. Ẹni tí ó gùn ún ni ó ní láti mọ ọ̀nà. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ni ìtàn àwọn tí ń pín owó ìrànwọ́ àti àwọn tí ń kọ́ni ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Wọ́n fi ohun tí ó ju àádọ́ta ọdún lọ kọ́ ara wọn lọ́gbọ́n, kí ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì baà lè sàn fún àwọn ọ̀dọ́ tí ó wà ní yunifásítì ìjọba. Wọ́n ṣe àṣìṣe púpọ̀ kí ọ̀nà tó là fún wọn, nínú àṣìṣe náà ni ẹ̀kọ́ tiwa sì wà.

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń parí lọ ní ọdún 1945, ọ̀gbẹ́ni Vannevar Bush, ẹni tí ó jẹ́ olórí ètò ìwádìí sáyẹ́ǹsì fún ìjọba Amẹ́ríkà nígbà ogun náà, kọ ìwé ìmọ̀ràn kan sí Ààrẹ. Ó wí pé orílẹ̀-èdè tí ó bá ń fẹ́ ìlera, ààbò àti iṣẹ́ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ìwádìí sáyẹ́ǹsì ṣeré, àti pé ìjọba ni ó yẹ kí ó máa náwó sí i. Wọ́n jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí fún nǹkan bí ọdún márùn-ún kí Ààrẹ Truman tó fọwọ́ sí òfin tí ó dá National Science Foundation sílẹ̀ ní ọjọ́ 10, oṣù Karùn-ún, ọdún 1950. NSF ni a ń pe àjọ yìí ní gígékúrú, bẹ́ẹ̀ ni n ó sì máa pè é.

Ó yẹ kí ọ̀nà tí irú àjọ bẹ́ẹ̀ ń gbà pín owó yé wa. Olùkọ́ tí ó ń fẹ́ owó yóò kọ ìwé ìbéèrè. Yóò sọ ìṣòro tí ó rí, ohun tí ó fẹ́ ṣe sí i, iye tí yóò ná an, àti àmì tí a ó fi mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà yọrí sí rere. Àwọn òṣìṣẹ́ àjọ náà yóò fi ìwé rẹ̀ lé àwọn olùkọ́ mìíràn tí ó mọ iṣẹ́ náà dunjú lọ́wọ́, kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò. Nítorí náà, ẹni tí ń bójú tó owó ìrànwọ́ kì í ṣe akápò lásán. Bí ó bá mọ ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi olùkọ́, owó rẹ̀ yóò so èso. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, owó náà yóò lọ bí omi inú ajá òjò tí ilẹ̀ gbígbẹ fà mu.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1953, àjọ náà fi owó pe àwọn olùkọ́ yunifásítì jọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Àwọn olùkọ́ ìṣirò pàdé ní Yunifásítì Colorado, àwọn olùkọ́ fisíìsì sì pàdé ní Yunifásítì Minnesota, kí wọ́n lè mọ ohun titun tí ó ti wọ inú ẹ̀kọ́ wọn. Ètò kékeré ni nígbà náà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹwàá, ọdún 1957, àwọn ará Rọ́ṣíà ju Sputnik sí òfuurufú, ohun kékeré náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí ayé po. Jìnnìjìnnì bo ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Kò pé ọdún kan tí Ààrẹ Eisenhower fi fọwọ́ sí òfin titun kan, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1958, èyí tí ó da owó púpọ̀ sínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, ìṣirò àti èdè ilẹ̀ òkèèrè. Ọpẹ́lọpẹ́ òfin yìí kan náà ni èdè Yorùbá fi rí àyè láàrin àwọn èdè tí a ń kọ́ ní àwọn yunifásítì kan níbẹ̀.

Láti ìgbà náà lọ, owó kò wọ́n. Wọ́n ra ẹ̀rọ, wọ́n kọ́ yàrá àyẹ̀wò, wọ́n tún ìwé ẹ̀kọ́ kọ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn kò wò. Wọ́n gbà pé bí olùkọ́ bá ti mọ sáyẹ́ǹsì jinlẹ̀, tí ohun èlò sì pé, ọmọ yóò mọ̀ ọ́n. Ọmọ tí kò bá mọ̀ ọ́n, a jẹ́ pé orí rẹ̀ kò gbé e. Ìwọ̀nba ni àwọn tí ó tẹ̀lé akẹ́kọ̀ọ́ kúrò nínú kíláàsì láti wo ohun tí ó ń ṣe pẹ̀lú ìwé rẹ̀ ní òru.

Ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ni Uri Treisman, ní Yunifásítì California tí ó wà ní Berkeley. Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé 1970, ó jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń wá oyè ọ̀mọ̀wé, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa tọ́ àwọn olùrànlọ́wọ́ olùkọ́ ìṣirò sọ́nà. Ẹ̀ka ìṣirò tí a ń pè ní calculus ni ẹnu ọ̀nà tí ẹni tí yóò di onímọ̀ ẹ̀rọ tàbí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ gbà wọlé. Treisman rí i pé nínú àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú tí ó dé ẹnu ọ̀nà náà, ó ju ìlàjì wọn lọ tí ń kùnà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ tí ìran wọn ti Ṣáínà wá ń ṣe dáadáa.

Ó bi àwọn olùkọ́ léèrè ìdí rẹ̀. Ìdáhùn mẹ́rin ni ó wọ́pọ̀ lẹ́nu wọn: àwọn ọmọ náà kò ní ìtara, wọn kò múra sílẹ̀ tó láti ilé ẹ̀kọ́ girama, òbí wọn kò ka ẹ̀kọ́ sí, òṣì ni ó ń dà wọ́n láàmú. Bí ó bá jẹ́ pé Treisman gba ìdáhùn wọ̀nyí gbọ́, ì bá kọ ìwé ìbéèrè owó lé wọn lórí, wọn ì bá sì fún un. Ṣùgbọ́n a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa lápálápá. Ó mú 20 nínú àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú àti 20 nínú àwọn ọmọ Ṣáínà, ó sì ń tẹ̀lé wọn káàkiri fún nǹkan bí oṣù 18, dé ibùgbé wọn, dé ibi tí wọ́n ti ń kàwé.

Ohun tí ó rí kò bá ìkankan mu nínú ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú wọ̀nyí jẹ́ akíkanjú. Òbí wọn sì ti ń gbàdúrà yunifásítì fún wọn láti kékeré. Kódà, àwọn tí ó wọlé pẹ̀lú máàkì gíga pàápàá ń kùnà. Ìyàtọ̀ tí ó wà ni èyí: 18 nínú àwọn 20 náà kì í bá ẹnikẹ́ni nínú kíláàsì wọn kàwé pọ̀. Olúkúlùkù a ti ilẹ̀kùn mọ́rí, a sì fi bí wákàtí 8 ṣiṣẹ́ láàrin ọ̀sẹ̀, gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ti là á sílẹ̀. Àwọn ọmọ Ṣáínà a máa lo bí wákàtí 14. Wọn a kọ́kọ́ dá ṣe tiwọn. Lẹ́yìn náà wọn a kó ara wọn jọ, wọn a jẹun pọ̀, wọn a yẹ iṣẹ́ ara wọn wò. Ìṣirò tí ó bá sú ọ̀kan, òmíràn a ṣàlàyé rẹ̀. Èyí tí ó bá sú gbogbo wọn, wọn a mọ̀ pé ó le nítòótọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó dá wà, tí ìṣirò sú, kò ní ẹni tí yóò sọ fún un pé kì í ṣe òun nìkan. Ó rò pé òun ni kò ní ọpọlọ.

Ẹ wo bí ọ̀ràn náà ti ṣòro tó. Dídá dúró tí àwọn ọmọ yìí dá dúró, tí wọn kò bá ẹgbẹ́ ṣeré, ni ó mú wọn borí ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Òun náà ni ó sì ṣubú lù wọ́n ní yunifásítì. Ètò ìrànlọ́wọ́ wà fún àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ń yọ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò fẹ́ wọ inú ilé tí a kọ ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ sí lẹ́nu ọ̀nà? Nítorí náà, Treisman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ ìṣirò kan sílẹ̀ ní ọdún 1978, wọ́n sì pè é ní ètò ọlọ́lá, fún àwọn tí ń fẹ́ borí. Àwọn ọmọ náà a pàdé, a fún wọn ní ìṣirò tí ó le ju ti inú kíláàsì lọ, wọn a sì jọ wá ojútùú rẹ̀. Àjọ kékeré kan tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ nípa òfin ọdún 1972, fún àtúnṣe ẹ̀kọ́ gíga, ni ó ran iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Láìpẹ́, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ń kùnà nínú àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú tí ó wà nínú ẹgbẹ́ náà.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti bá àwọn àgbẹ̀ wa gbé yóò mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Àáró ni. Bí a bá ṣe tèmi lónìí, a ó ṣe tìrẹ lọ́la. Olúkúlùkù ni ó ní oko tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó dá koríko rẹ̀ pa.

Ní ìgbà tí irú ọgbọ́n yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ni àwọn tí ó ni owó pa ọwọ́ mọ́. Ìjọba Ààrẹ Reagan gé owó ẹ̀kọ́ NSF, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí ọdún 1982 yóò fi parí, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àjọ náà ti túká, àfi owó àwọn tí ń wá oyè gíga. Lẹ́yìn èyí, wọ́n yan ìgbìmọ̀ kan láti wo bí nǹkan ti rí fún àwọn tí ń wá oyè àkọ́kọ́. Alága rẹ̀ ni Homer Neal, onímọ̀ fisíìsì tí ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, tí ó sì wà nínú ìṣàkóso yunifásítì ìjọba ní Stony Brook, ní ìpínlẹ̀ New York. Ní ọdún 1986 ìgbìmọ̀ náà wí láìfi bò pé ohun èlò ti gbó, ẹ̀kọ́ ti ṣá, àti pé kí NSF fi mílíọ̀nù 100 dọ́là kún owó tí ó ń ná sí i lọ́dọọdún. Láti ìgbà náà ni NSF ti padà sídìí iṣẹ́ yìí.

Irúgbìn tí a gbìn sí Berkeley kò kú. Ní ọdún 1988, ní yunifásítì ìjọba ti ìpínlẹ̀ Maryland tí ó wà lẹ́bàá ìlú Baltimore, Freeman Hrabowski gba 500,000 dọ́là lọ́wọ́ tọkọtaya Meyerhoff láti tọ́ àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú nínú sáyẹ́ǹsì. Hrabowski mọ ohun tí ó ń wá: ọmọ ọdún 12 ni nígbà tí wọ́n tì í mọ́lé ní Birmingham ní ọdún 1963, nítorí pé ó bá àwọn ọmọdé rìn láti béèrè ẹ̀tọ́ wọn. Ọmọkùnrin 19 ni ó kọ́kọ́ wọ inú ètò náà ní ọdún 1989. Ó gba obìnrin lẹ́yìn náà, ó sì gba ẹ̀yà gbogbo. Wọ́n a máa rọ àwọn ọmọ gidigidi níbẹ̀ láti máa kàwé pọ̀. Kizzmekia Corbett, ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn kòrónà ní ọdún 2020, jáde láti inú ètò yìí ní ọdún 2008.

Ní Yunifásítì Colorado, níbi tí àwọn olùkọ́ ìṣirò ti pàdé ní ọdún 1953, Carl Wieman tí ó gba ẹ̀bùn Nobel nínú fisíìsì ní ọdún 2001 bẹ̀rẹ̀ ètò mìíràn ní ọdún 2006. Bí mílíọ̀nù 5 dọ́là ni wọ́n yà sọ́tọ̀. Wọn kò fi ra ẹ̀rọ. Wọ́n ní kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan kọ ìwé ìbéèrè, kí ó sọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ lè ṣe ní òpin ẹ̀kọ́ náà, àti bí a ó ṣe mọ̀ bóyá ó lè ṣe é. Ènìyàn ni wọ́n fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó náà gbà, àwọn tí yóò jókòó ti olùkọ́ láti bá a tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ní ọdún 2014, Scott Freeman àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Washington kó ìwádìí 225 jọ. Wọ́n rí i pé níbi tí olùkọ́ nìkan ti ń sọ̀rọ̀, bí akẹ́kọ̀ọ́ 34 nínú 100 ni ń kùnà. Níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń jùmọ̀ ṣiṣẹ́, bí 22 ni.

Ní ọdún 2025 ìjọba tún fagi lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ owó ìrànwọ́ NSF, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ti ẹ̀kọ́. Bí òjò ni owó ìjọba rí. Ọdún kan a rọ̀, ọdún kan a dá. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn olùkọ́ wọ̀nyí ti mọ̀ nípa akẹ́kọ̀ọ́ kò sí ẹni tí ó lè fagi lé e.

Àwa náà ní Nàìjíríà ní àpò tiwa. Òfin owó orí ẹ̀kọ́ wà láti ọdún 1993, ó sì di TETFund ní ọdún 2011, fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba. Ó ti kọ́ ilé, ó ti ra ohun èlò, ó ti rán olùkọ́ lọ kàwé sí i, ó sì yẹ kí a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nínú gbọ̀ngàn tí akẹ́kọ̀ọ́ kún dé ẹnu ọ̀nà, ọmọ kan wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún tí ìṣirò sú, tí ó rò pé òun nìkan ni. Ẹ̀yin olùkọ́, kí ẹ tó kọ ìwé ìbéèrè owó yín, ẹ kọ́kọ́ wá ọmọ náà lọ. Ẹ bi í léèrè ibi tí ó ti ń kàwé, àti ẹni tí ó ń bá a kà á. Owó kò sí nínú èyí, kò sì sí ẹni tí a ní láti tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí a tó ṣe é.