Philippe Grandjean àti ìwádìí májèlé inú oúnjẹ ní Faroe

Philippe Grandjean, tí wọ́n bí ní 1950, jẹ́ dókítà ọmọ ilẹ̀ Denmark tó fi májèlé inú oúnjẹ ṣe iṣẹ́ ayé rẹ̀. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Southern Denmark, ó sì ṣiṣẹ́ ní Harvard pẹ̀lú. Ìwádìí tó sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká ni èyí tí òun àti Pál Weihe, dókítà ọmọ Faroe, bẹ̀rẹ̀ ní 1986 lórí mẹ́kúrì tó ń gba ẹnu ìyá dé ara ọmọ inú oyún.

Mẹ́kúrì inú ẹran

Àwọn erékùṣù Faroe wà ní àríwá òkun Atlantic, lábẹ́ Denmark. Láti 1584 ni àkọsílẹ̀ ti wà nípa bí wọ́n ṣe ń pa àbùùbùtán níbẹ̀. Wọ́n máa ń dà á wá sí etíkun, wọ́n á pa á, wọ́n á sì pín ẹran àti ọ̀rá rẹ̀ láàárín ara wọn.

Èéfín èédú àti òkè ayọnáyèéfín ń tú mẹ́kúrì sínú afẹ́fẹ́. Bó bá rọ̀ sínú òkun, àwọn kòkòrò tíntìntín á sọ ọ́ di methylmercury. Ẹja kékeré á gbé e mì, ẹja ńlá á jẹ ẹja kékeré. Èyí tó bá ń jẹ gbogbo wọn ni tirẹ̀ á pọ̀ jù. Inú ẹran àbùùbùtán ni mẹ́kúrì ń gbé, inú ọ̀rá rẹ̀ sì ni PCB, kẹ́míkà tí wọ́n ń lò nínú tíráńsífọ́mà nígbà kan, ń kó sí. Sísè kì í mú mẹ́kúrì náà kúrò.

Ọmọ 1,022

Láàárín 1986 sí 1987, àwọn olùwádìí fi orúkọ ọmọ tuntun 1,022 sílẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ láti inú ìwọ́ wọn, wọ́n sì gé díẹ̀ nínú irun ìyá, nítorí pé bí irun ṣe ń hù ni mẹ́kúrì ń wọ inú rẹ̀.

Nígbà tí àwọn ọmọ náà pé ọdún 7, 917 nínú wọn ṣe ìdánwò. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 1997. Kò sí àìsàn tí dókítà lè fojú rí lára wọn. Síbẹ̀, bí mẹ́kúrì inú ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ṣe ń fà sẹ́yìn nínú èdè, ìfọkànsí àti ìrántí. Wọ́n tún dán wọn wò ní ọmọ ọdún 14. Ìfàsẹ́yìn náà ṣì wà níbẹ̀. Ohun tí Grandjean ń tẹnu mọ́ láti ìgbà náà ni pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọpọlọ ọmọ ń dàgbà, ohun tó bá sì bà jẹ́ nínú oyún ṣòro láti tún ṣe.

Àríyànjiyàn

Ṣùgbọ́n ní Seychelles, níbi tí àwọn aláboyún ti ń jẹ ẹja ní nǹkan bí ìgbà 12 lọ́sẹ̀, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Rochester tẹ̀ lé ọmọ tó lé ní 700. Wọn kò rí ìpalára mẹ́kúrì tó ṣeé tọ́ka sí. Ohun tó fa ìyàtọ̀ náà kò tíì yanjú. Àwọn kan ní ó ṣeé ṣe kí PCB ti dá kún ìpalára ní Faroe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nínú ìṣirò Grandjean, PCB nìkan kò tó láti ṣàlàyé rẹ̀. Àwọn mìíràn ní èròjà aṣaralóore inú ẹja lè ti dín ìpalára kù ní Seychelles.

Ipa rẹ̀

Ní 2001, EPA, àjọ tó ń bójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà, gbé ààlà rẹ̀ fún methylmercury lé ìwádìí Faroe: máíkírógíráàmù 0.1 lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan ìwọ̀n ara. Ní Faroe fúnra rẹ̀, láti 1998 ni wọ́n ti gba àwọn aláboyún àti abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́mú nímọ̀ràn pé kí wọ́n yẹra fún ẹran àbùùbùtán. Ní 2008, Weihe àti Høgni Debes Joensen, olórí dókítà ìjọba, sọ pé kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹ́ mọ́.

Àwọn kẹ́míkà mìíràn

Ní 2006, Grandjean àti Philip Landrigan tọ́ka sí òjé, methylmercury, arsenic, PCB àti toluene gẹ́gẹ́ bí ohun tó ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Ní 2012, Grandjean fi hàn pé àwọn ọmọ Faroe tí àwọn kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní PFAS pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ jàǹfààní abẹ́rẹ́ àjẹsára tẹ́tánọ́ọ̀sì àti dífítéríà.