T-bucket

T-bucket jẹ́ irú hot rod kan ní Amẹ́ríkà, ìyẹn ọkọ̀ àtijọ́ tí a tún tò kí ó lè sáré sí i. Ó ṣẹ̀ wá láti ara Ford Model T (1908–1927). Kì í sábà ní ìbòrí ẹ́ńjìnnì tàbí ìbòrí táyà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa ń hàn síta gbangba. Ọkọ̀ Norm Grabowski, tí ó ní ẹ́ńjìnnì Cadillac, ló sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká nínú eré tẹlifíṣọ̀n 77 Sunset Strip (1958–1964). Nígbà tí ojúlówó ara onírin Model T wá ṣọ̀wọ́n, wọ́n ń fi fáíbà ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Níwọ̀n bí ọkọ̀ náà ti fúyẹ́, tí agbára rẹ̀ sì pọ̀, bíréèkì àti férémù tó dára ṣe kókó fún ààbò awakọ̀.