Yá Mi Kí N Kà

Ní oṣù Keje ọdún 1929, lẹ́tà obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó. Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ ló pe ara rẹ̀. Ó ní òun ti fi ẹwà òun jayé rí, kí àìsàn tó wá dá òun gúnlẹ̀. Ará Èkó kò lè dákẹ́. Àwọn òǹkàwé ń kọ̀wé ránṣẹ́, wọ́n ń dá sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé aládùúgbò wọn ni. I. B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà, ló wà nídìí gbogbo rẹ̀. Ní 1930, ó kó àwọn lẹ́tà náà jọ di ìwé, èyí tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí ìwé ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ lédè Yorùbá. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni àwa òǹkàwé ti di ẹgbẹ́, bí a kò tilẹ̀ ní alága.

Mowo ni wọ́n bí mi sí, lójú ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì. Ògù la ń sọ nílé wa. Tíṣà ni bàbá mi, wọ́n sì yá Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní 1938, lọ́wọ́ tíṣà ẹlẹgbẹ́ wọn. Alaalẹ́ ni wọ́n ń kà á sókè fún wa nídìí àtùpà. Ìyá àgbà kò gbọ́ Yorùbá ìjìnlẹ̀, nítorí náà bí Bàbá bá ti ka ojú ìwé kan tán, wọ́n á tún un sọ ní Ògù. Bí ilẹ̀ bá mọ́, Ìyá àgbà á gbé ìrìn àjò Àkàrà-oògùn, akọni inú ìwé náà, lọ síbi tí àwọn obìnrin ti ń bó àgbọn. Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin náà fi ń yà sílé wa lálẹ́, tàwọn ti àpótí ìjókòó wọn. Mi ò tíì rí ẹni tó polówó ìwé tó Ìyá àgbà, bẹ́ẹ̀ wọn kò mọ̀wé kà rárá.

Inú èèpo ẹ̀yìn ìwé náà ni gbogbo ẹni tó yá a kọ orúkọ sí: tíṣà, kátíkíìsì, akọ̀wé kóòtù. Ẹni tó bá rí orúkọ ẹni tó mọyì ọgbọ́n rẹ̀ níbẹ̀ kì í tún béèrè bóyá ìwé náà dára.

Ní 1969, Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé Àjà Ló Lẹrù jáde, sùúrù sì tán. Nílé ẹ̀kọ́ tí mo ti kọ́ṣẹ́ tíṣà, ńṣe la fa ẹ̀dà kan ya sí méjì, kí ẹnì kan lè máa ka ìdajì àkọ́kọ́ nígbà tí ẹlòmíràn ń sáré tẹ̀ lé Lápàdé, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìwé náà, nínú ìdajì kejì. Ó Le Kú Akínwùmí Ìṣọ̀lá dé ní 1974. Nígbà tí Túndé Kèlání sọ ọ́ di fíìmù ní 1997, àwọn ọmọ mi ló wá ń yá tèmi.

Ó ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ irú ìwé wọ̀nyí ló wà nínú àpótí, tí ikán ń jẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ní Àgbàlagbà Akàn nílé, tàbí Olówólaiyémọ̀ Fẹ́mi Jẹ́bọ̀dà, mo bẹ̀ yín, ẹ yá ọmọ àdúgbò. Ẹ ka ojú ìwé àkọ́kọ́ sí i létí, kí ẹ sì ní kó kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn ìwé.