Ọṣẹ àti awọ ọ̀rá

Awọ ọ̀rá ni awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó yí sẹ́ẹ̀lì gbogbo ohun abẹ̀mí ká, tó sì bo ọ̀pọ̀ fáírọ́ọ̀sì, irú bíi Kòrónà. Ìpele ọ̀rá méjì ni, kò sì nípọn ju nǹkan bí nánómítà 5 lọ. Ọṣẹ máa ń tú u ká.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀

Agbára ọṣẹ kì í ṣe ti oró. Ìrísí mólíkù rẹ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀ ni. Mólíkù ọ̀rá inú awọ ní orí kan tó fẹ́ràn omi àti ìrù méjì tó ń sá fún un, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tò pẹlẹbẹ. Ìrù kan ṣoṣo ni ti ọṣẹ ní, nítorí náà róbótó ni wọ́n ń dà bí wọ́n bá kóra jọ. Ní 1975, Ari Helenius àti Kai Simons ṣàlàyé ìgbésẹ̀ mẹ́ta: ọṣẹ á kọ́kọ́ wọnú awọ láìfọ́ ọ, bó bá kún un dé góńgó, awọ á bẹ̀rẹ̀ sí í já sí róbótó, níkẹyìn, kò ní ku awọ kankan. Ìtàn àwọn Ewe ní ìlú Notsé ní Togo sọ pé omi ìdọ̀tí tí àwọn obìnrin ń dà sí ojú kan lára ògiri Agbogbo ló rọ̀ ọ́, tí wọ́n fi ráyè sá fún ọba Agokoli. Bẹ́ẹ̀ ni ọṣẹ tí orí rẹ̀ ní agbára iná mànàmáná ṣe ń pọ̀ sí i ní ìpele ìta nìkan, kí awọ tó ya. Triton X-100, ọṣẹ yàrá ìwádìí kan tí kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀, máa ń tètè dé ìpele inú.

Ẹnìkan lè sọ pé fáírọ́ọ̀sì rọpárọsẹ̀ kò ní awọ ọ̀rá, kí wá ni ọṣẹ fẹ́ ṣe fún un? Kò lè tú u ká lóòótọ́, àmọ́ ó ń ṣí i kúrò lára ọwọ́ kí omi lè gbé e lọ. Èyí tí àríyànjiyàn ṣì wà lórí rẹ̀ ni àwọn ègé awọ tí Triton tútù kì í lè tú, tí Deborah Brown àti John Rose kọ nípa wọn ní 1992. Àwọn kan gbà pé wọ́n ti wà nínú sẹ́ẹ̀lì tẹ́lẹ̀. Àwọn mìíràn ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òtútù àti Triton fúnra rẹ̀ ló dá wọn sílẹ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn ọṣẹ kò tó ẹ̀rí fún bí awọ ti rí ṣáájú.

Ìtàn àti ìwúlò

Láti ilẹ̀ Yorùbá dé Benin àti Togo, àdín àti eérú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ti kòkó ni wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú. Nǹkan bí ìdajì ásíìdì ọ̀rá inú àdín ni láúríìkì, tí ìrù rẹ̀ ní kábọ́ọ̀nù 12, iye kan náà tó wà nínú ìrù SDS, ọṣẹ tí wọ́n fi ń tú awọ ní yàrá ìwádìí. Nítorí náà, ọṣẹ ìbílẹ̀ lè tú awọ ọ̀rá ká, bí a bá ti lò ó tó, tí a sì fi ìṣẹ́jú-àáyá 20 fọ ọwọ́.